Káàdì ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè: ibo gan-an ni ààbò ti ń di ìdè?

Akẹ́kọ̀ọ́Òfin béèrè pé:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Iṣẹ́ kan lórí òfin ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè ló wà níwájú mi, ibi kan sì ń rú mi lójú. Àwọn kan ní kí ìjọba fún kálukú ní nọ́ńbà, kí ó gba ìtẹ̀ka àti àwòrán ojú gbogbo ènìyàn, nítorí inú èrò tí a kò mọ̀ ni olè àti agbésùnmọ̀mí ń sá pamọ́ sí. Àwọn mìíràn ní nọ́ńbà yẹn gan-an ni okùn tí wọ́n máa fi so wá mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nínú ètò náà fúnra rẹ̀, ibo ni ewu wà? Ṣé káàdì ni, ṣé nọ́ńbà ni, àbí ìtẹ̀ka? Kí ni kí a sì kọ sínú òfin tí yóò dúró nílé ẹjọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Alákọsílẹ̀ fèsì:

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n kọ sára káàdì. Àwọn Bẹ́ljíọ̀mù tó ń ṣàkóso Rùwáńdà ló gbé káàdì tó ń sọ ẹ̀yà ẹni kalẹ̀ níbẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1930. Nígbà tó yá, ìlà kan wà lórí káàdì náà tí wọ́n ti tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́rin sí: Hutu, Tutsi, Twa, Naturalisé (àjèjì tó ti di ọmọ ìlú). Akọ̀wé á fi bírò fagi lé mẹ́ta, á fi ẹyọ kan sílẹ̀, á ní kí ẹni tó kàn máa bọ̀. Rùwáńdà gba òmìnira ní 1962, ìlà yẹn ò kúrò. Ní 1994, nígbà tí wọ́n ń pa àwọn Tutsi nípakúpa, ẹni tó dúró ti igi ìdènà lójú pópó pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ kò nílò láti bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè kankan. Ìlà yẹn ló ń wò.

Ẹ tún wo Netherlands. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé ni rẹ́jísítà àwọn ìlú wọn ti ń kọ ẹ̀sìn olúkúlùkù, kò sì sí èrò ibi kankan nínú rẹ̀. Nígbà tí Jámánì gba ilẹ̀ náà ní 1940, ìwé tí wọ́n máa fi wá àwọn Júù rí ti wà nílẹ̀ dè wọ́n. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta 1943, àwọn ajàjàgbara wọ aṣọ ọlọ́pàá, wọ́n wọ ilé àkọsílẹ̀ Amsterdam, wọ́n sì dáná sun ún. Àmọ́ ìwé tí a tò gbagidi kì í jóná bọ̀rọ̀: etí á jó, inú á yè. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló yè.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí òfin ka ohun tí wọ́n lè kọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ, ọjọ́ ìbí, ibi ìbí, àwòrán. Kí ó sì dárúkọ ohun tó jẹ́ èèwọ̀: ẹ̀yà, ẹ̀sìn, ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ má gbà kí wọ́n sọ pé “a máa kọ ọ́, a ó sì tì í pa.” Ìjọba tí ẹ kò tíì mọ̀ ni kọ́kọ́rọ́ máa bọ́ sí lọ́wọ́.

Arínúróde fèsì:

Òótọ́ ni Alákọsílẹ̀ sọ, àmọ́ lóde òní ọ̀ràn ti kọjá ara káàdì. Àkọsílẹ̀ ìlò ló ń bà mí lẹ́rù. Nígbàkúùgbà tí báǹkì, ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ fóònù bá bi àká dátà ìjọba pé “ṣé lágbájá nìyí lóòótọ́?”, àká náà á kọ wákàtí àti orúkọ ẹni tó béèrè. Tó bá fi máa pé ọdún kan, ẹni tó ń ka àkọsílẹ̀ yẹn ti mọ ilé ìwòsàn tí ẹ lọ, ọjọ́ tí ẹ yá owó, ìgbà tí ẹ pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù. Kò sì rí ojú yín rí.

Tí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ọ́fíìsì méjì tí kò mọ ara wọn rí lè so ìwé wọn pọ̀ kí ojú tó ṣẹ́. Àtúnṣe rẹ̀ wà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Káàdì tí Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ní oṣù kọkànlá 2010 kò ní sọ nǹkan kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí ẹni tó ni ín yóò fi tẹ nọ́ńbà àṣírí oní-díjíìtì 6. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ tó sọ ohun tó lè kà ní pàtó. Tó bá jẹ́ ọjọ́ orí ló fẹ́ mọ̀, káàdì lè dáhùn “bẹ́ẹ̀ ni, ó ti pé” tàbí “rárá” láìsọ ọjọ́ ìbí. Èyí tó wù mí jù ni pé ṣípù inú rẹ̀ lè ṣe nọ́ńbà ọ̀tọ̀ fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọn ò fi ní lè fi ìwé wọn wéra.

Íńdíà náà, tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn, Aadhaar, jẹ́ díjíìtì 12, fi nọ́ńbà ìgbà díẹ̀ oní-díjíìtì 16 kún un ní 2018, kí ènìyàn lè máa lo ìyẹn dípò. Ibi tí irú ètò yìí ti ń bàjẹ́ ni orí káńtà: tí akọ̀wé bá ṣì ń ní kí ẹ ṣe fọ́tókọ́pì káàdì sílẹ̀, iṣẹ́ gbogbo ti já sí asán.

ÌyáÌwé fèsì:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ ká fi ojú kékeré wo ààbò o. Ẹni tí kò ní ìwé kankan ni wọ́n ń gba ilẹ̀ àti ẹ̀tọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ ya iṣẹ́ méjì sọ́tọ̀: “ṣé ìwọ ni ẹni tí o ní o jẹ́?” àti “ta nìyí nínú gbogbo ìlú?”

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹ̀rọ kan ń ṣi ènìyàn mú ní ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìfiwéra 1,000,000. Tí ẹ bá fi ìka ẹnì kan wé èyí tó wà lórí káàdì rẹ̀, ìfiwéra kan lẹ ṣe, ó dára púpọ̀. Tí ọlọ́pàá bá mú ìtẹ̀ka kan, tó ní kí wọ́n fi wé ti ènìyàn 50,000,000, nǹkan bí 50 ènìyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò tọ́ka sí. Ẹ̀rọ kan náà ni o. Nítorí náà, kí wíwá inú gbogbo àká jẹ́ ohun tí adájọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, kí ẹnikẹ́ni má sì di ẹni àtìmọ́lé torí pé ẹ̀rọ nìkan tọ́ka sí i.

Ìka àwọn àgbẹ̀, bíríkìlà àti arúgbó sì máa ń họ débi tí ẹ̀rọ kì í kà á. Òfin gbọ́dọ̀ sọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n máa gbà dá wọn mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ebi ló máa pa wọ́n nídìí oúnjẹ tó jẹ́ ẹ̀tọ́ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́Òfin:

Ẹ ṣeun gan-an. Ti ọlọ́pàá tó ní “mú káàdì rẹ wá” lójú títì ńkọ́?

Amòfin fèsì:

Ọ̀rọ̀ yẹn ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ìlú Ọba fún gbogbo ènìyàn ní káàdì ní 1939 nítorí ogun. Ogun parí, wọn ò dá káàdì dúró. Ní 1950, awakọ̀ kan, Clarence Willcock, kọ̀ láti fi tirẹ̀ han ọlọ́pàá. Ó pàdánù ẹjọ́ náà, àmọ́ ní 1951 adájọ́ àgbà, Lord Goddard, bá ìjọba wí pé wọ́n ń lo òfin ààbò fún ohun tí a kò torí rẹ̀ ṣe é, èyí sì ń sọ ọmọlúàbí di arúfin. Wọ́n fòpin sí káàdì náà ní 1952. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹni tó ń kọ òfin: ẹ kọ ìdí tí wọ́n fi lè béèrè káàdì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò kú fúnra rẹ̀ tí ilé aṣòfin kò bá tún un ṣe.

Ní ti kí nọ́ńbà má di dandan níbi gbogbo, ẹ lọ ka ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Íńdíà ti oṣù kẹsàn-án 2018. Wọ́n gba Aadhaar láàyè fún owó ìrànwọ́ ìjọba, wọ́n sì fagi lé apá tó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ aládàáni máa bèèrè rẹ̀. Ní Jàmáíkà, ilé ẹjọ́ da gbogbo òfin ìdánimọ̀ tiwọn nù ní 2019.

Ẹ fi ti Estonia kún un: ọmọ ìlú lè wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó rí ọ́fíìsì tó yẹ dátà rẹ̀ wò. Ẹ kọ iye ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ ìlò yóò fi wà, àti ìyà fún òṣìṣẹ́ tó yọjú síbi tí kò kàn án.

Arínúróde:

Estonia kan náà ni mo fẹ́ fi dáhùn ti ìtẹ̀ka. Ní 2017, wọ́n rí àléébù nínú ṣípù káàdì bíi 760,000. Wọ́n dá ìwé ẹ̀rí orí wọn, ìyẹn kọ́kọ́rọ́ àṣírí tí káàdì fi ń ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, dúró ní oṣù kọkànlá, àwọn oníkáàdì sì ń gba tuntun, púpọ̀ láti orí kọ̀ǹpútà ilé wọn. Ìyẹn ṣeé ṣe torí pé kọ́kọ́rọ́ ṣeé pààrọ̀. Ìka ọwọ́ tó bá jò sóde kò ṣeé pààrọ̀ láéláé. Inú ṣípù tó wà lápò ẹni tó ni ín ni kí ìtẹ̀ka wà, kí wọ́n má kó ti gbogbo ìlú jọ sójú kan.