Léésà níbi tí a ti ń wo ìràwọ̀: kí ni kí n ṣe?
Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. A máa ń kóra jọ wo ìràwọ̀ lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, lápá ọ̀nà Ìlọrin, níbi tí iná ìlú kò ti pọ̀. Léésà aláwọ̀ ewé, iná kékeré àfọwọ́mú tí ìtànṣán rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ń lọ jìnnà, la fi ń tọ́ka sí ìràwọ̀. Bí ọyẹ́ bá mú, tí eruku wà lófuurufú, ìtànṣán rẹ̀ á nà gbọnrangandan bí ọ̀pá, ọmọdé pàápàá á rí Sirius, ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run lálẹ́, lójú ẹsẹ̀.

Àmọ́ ní báyìí, kálukú ti ra tiẹ̀. Wọ́n kọ 5 mW (ìwọ̀n agbára iná rẹ̀, tó kéré) sára òmíràn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń tàn yẹn, n ò gbà á gbọ́. Àwọn tó ń ya fọ́tò ìràwọ̀ ń ráhùn pé ó ń ba fọ́tò àwọn jẹ́. Èyí tó ń já mi láyà jù ni bàálù tó ń lọ balẹ̀ ní Ìlọrin: iná yẹn lè tàn sí awakọ̀ rẹ̀ lójú débi tí kò ní ríran dáadáa. Ojú ọmọdé ńkọ́?

Mo ní kí ẹnì kan ṣoṣo máa mú un dání, wọ́n ní mo ń ṣe ọ̀gá. (Ọ̀kan nínú wọn jù mí lọ dáadáa, n ò lè jágbe mọ́ ọn.) Báwo lẹ ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ tiyín? Ṣé ká máa gbà á lọ́wọ́ wọn bí wọ́n bá ti dé ni, àbí ká kúkú pa á tì?