Fíìmù dúdú-òun-funfun kì í ṣe aláìláwọ̀

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí lórí dídá ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun, mo kí yín o.

Ẹnìkan nínú wa kọ̀wé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kí a máa pe fíìmù tí àwọn ayàwòrán fi ń ya fọ́tò dúdú àti funfun ní "fíìmù aláìláwọ̀". Ìdí tó fi lélẹ̀ ni pé àwọn onímọ̀ físíìsì kò ka dúdú àti funfun mọ́ àwọ̀, àti pé "dúdú àti funfun" gùn jù fún orúkọ. Àwọn mìíràn ti kan sáárá sí i, ẹnìkan sì ti dábàá pé kí a kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àkójọ tí a fẹ́ fún àwọn olùkọ́ èdè. Èmi kò fara mọ́ ọn, n kò sì lè dákẹ́, nítorí pé iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, irú fíìmù yìí gan-an ni mo sì ń dán wò lọ́wọ́ fún yíya ojú ènìyàn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé. Gírámà kọ̀ ọ́, ojú iṣẹ́ náà kọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú àì- inú rẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ yìí ń ṣe: bó bá ti fara kan ọ̀rọ̀ ìṣe, ó kọ̀ ọ́ pátápátá. Àìgbọràn kì í ṣe ìgbọràn tó kéré, aláìníyàá kì í sì í ṣe ẹni tí ìyá rẹ̀ ń gbé ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, nígbà tí a bá so àì- mọ́ ní àti àwọ̀, tí a tún wá fi oní- ṣíwájú, ohun tí kò ní àwọ̀ kankan rárá ni a pè bẹ́ẹ̀. Omi tó tòrò ló yẹ irú orúkọ yẹn. Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà fèsì pé àì- ibẹ̀ "kò le tó bẹ́ẹ̀", pé a lè gbọ́ ọ sí "èyí tí àwọ̀ rẹ̀ kò pọ̀". Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó mú àpẹẹrẹ kan ṣoṣo wá, ìbáà ṣe láti ẹnu ará Ọ̀yọ́ tàbí láti ẹnu ará Èkìtì, níbi tí àì- ti túmọ̀ sí "díẹ̀". Kò tíì mú un wá.

Lẹ́yìn èyí, ta ló sọ pé dúdú àti funfun kì í ṣe àwọ̀? Físíìsì ní ọ̀nà tirẹ̀, èmi kò bá a jà, ṣùgbọ́n inú èdè Yorùbá ni a ń dá ọ̀rọ̀ sí. Nínú èdè yìí, funfun, pupa àti dúdú ni olórí àwọ̀, abẹ́ wọn ni àwọn ìyókù ń sá sí. Dúdú ni a ń pe aró, dúdú ni a ń pe ewé tó bá ṣú. Pupa ni epo, pupa ni ìyeyè àti ọsàn tó bá pọ́n. Ọ̀dọ̀ funfun ni ẹfun àti eérú wà. Bí a bá yọ méjì kúrò nínú mẹ́ta, pupa nìkan ni yóò ṣẹ́ kù tí a óò máa pè ní àwọ̀. Àwọn olórìṣà tó ń wọ funfun mọ̀ pé àwọ̀ ni àwọn yàn, kò sì sí ẹni tó lè sọ fún wọn pé aṣọ wọn kò ní àwọ̀.

Mo rí i pẹ̀lú pé àwọn kan ń kọ ọ̀rọ̀ náà láìfi àmì ohùn sí i, ẹnìkan sì kọ "aláìláwọ" gbangba, bí ẹni pé awọ ni ó ń sọ. Ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló wà lórí àwọ̀, ohùn àárín méjì ló wà lórí awọ. Ohun tí kò ní àwọ̀ ọ̀tọ̀, ohun tí a bó láwọ ọ̀tọ̀. Àríyànjiyàn sì ti tibẹ̀ ṣẹ́ yọ láàárín ẹni tó ní orísun kan náà ni àwọ̀ àti awọ, nítorí pé orí awọ ara ni àwọ̀ ara ń hàn sí, àti ẹni tó ní ìfarajọ lásán ni. Kí àwọn méjèèjì máa bá a lọ. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kí a fi àmì sórí ọ̀rọ̀ kí a tó jà lé e lórí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí fíìmù náà ń ṣe, nítorí mo fura pé ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò tíì fọ ọ̀kan rí. HP5 Plus tí ilé iṣẹ́ Ilford ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń dán wò, èyí tí ìyára rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ISO 400, ní ìwọ̀n fíìmù 120 tí Kodak mú jáde ní 1901 tí a ṣì ń lò títí di òní. Nínú kámẹ́rà tí àwòrán rẹ̀ ń dọ́gba ní ìbú àti òró, fọ́tò 12 ni ròòlù kan ń gbà, ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì tó mìlímítà 56 sí 56, nígbà tí ti fíìmù kékeré, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 35, jẹ́ 24 sí 36 péré. Ojú tó fi ju ìlọ́po mẹ́ta fẹ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ènìyàn ṣe ṣákaṣàka bí a bá tẹ̀ ẹ́ tóbi. Ìmọ́lẹ̀ ń rọra bọ́ sí òjìji ni, a kò sì ní lè tọ́ka sí ibi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀.

Mo fi àwọn ọ̀rẹ́ méjì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọ̀kan adúmáadán, èkejì apọ́nbéporẹ́, àwọn méjèèjì wọ léèsì funfun, wọ́n sì fi ìborùn aláró lé èjìká. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹ̀rọ tí ń wọn ìmọ́lẹ̀ kò mọ ojú mọ aṣọ. Ohunkóhun tí a bá kọ ọ́ sí, ó gbà pé ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ ni ohun náà ń dá padà. Bí a bá kọ ọ́ sí ojú adúmáadán, tí a sì gba ohun tó wí láìyẹ̀ ẹ́ wò, yóò mú kí ojú náà mọ́ ju bó ti rí lọ, iṣẹ́ ọwọ́ ara léèsì yóò sì máa pòórá. Bí a bá kọ ọ́ sí léèsì, ojú yóò rì sínú òkùnkùn. Nítorí náà ni mo ṣe gbé káàdì aláwọ̀ eérú, tó ń dá ìdá 18 náà padà gan-an, sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n wọn, tí mo wọn ìmọ́lẹ̀ lára rẹ̀, tí mo sì ya wọ́n bí ẹni pé 400 ni ìyára fíìmù náà, mo tún ya wọ́n bí ẹni pé 200 ni, kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé lè pọ̀ sí i, mo tún ya wọ́n ní 800, kí ó lè dín kù, pẹ̀lú wàláà tí mo kọ nọ́ńbà náà sí lẹ́sẹ̀ wọn, kí n má baà ṣe àṣìmú bí mo bá fọ fíìmù tán.

Fífọ rẹ̀ gan-an gba sùúrù nílùú wa. ID-11, kẹ́míkà tí mo fi ń fọ fíìmù, bí a kò bá bu omi là á, ń fẹ́ ìṣẹ́jú méje àbọ̀ fún fíìmù yìí nígbà tí ìgbóná omi bá wà ní 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n omi inú táǹkì lórí òrùlé ní Tákíè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò sún mọ́ 20 rárá. Ẹni tí kò bá fi yìnyín rọ ìgbóná kẹ́míkà rẹ̀ yóò rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ: funfun yóò le koko lórí fọ́tò, léèsì kò ní ní ihò mọ́. Nígbà tí mo tẹ fọ́tò jáde, èyí tí mo yà ní 200 ló tẹ́ mi lọ́rùn jù lọ fún adúmáadán, nítorí pé abẹ́ gèlè àti kòtò ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀ ṣì ní nǹkan nínú. Ní 800, ibẹ̀ ti di dúdú kan náà. Dídán ara rẹ̀ ni ó gbé ojú náà yọ. Ẹni tó bá ń ya aláwọ̀ dúdú gbọ́dọ̀ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń dán lára egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí, kí ó fi fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ó má fi sí ọ̀kánkán.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó bá ọ̀rọ̀ wa lọ jù. Oríṣi fíìmù dúdú-òun-funfun kan wà tí kò rí pupa. Ilford ṣì ń ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ Ortho Plus, ISO 80 ni ìyára rẹ̀ lójú oòrùn. Bí a bá fi í ya apọ́nbéporẹ́, ètè rẹ̀ yóò ṣú, ara rẹ̀ náà yóò ṣú ju bí a ti mọ̀ ọ́n lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ pupa tó ń ti ara rẹ̀ wá kò jámọ́ nǹkan kan lójú fíìmù náà. HP5 Plus ní tirẹ̀ ń rí àwọ̀ gbogbo tí ojú ènìyàn ń rí. Bí mo bá fi gíláàsì pupa bo lẹ́ńsì, ètè a mọ́, ara a mọ́, aró a ṣú sí i. Bí mo bá fi èyí tó jọ àwọ̀ ewé bò ó, pupa ara a wálẹ̀. Bí fíìmù bá jẹ́ aláìláwọ̀ lóòótọ́, kí ni gíláàsì aláwọ̀ ń ṣe níwájú rẹ̀? Àwọ̀ ni fíìmù náà ń gbà, dúdú àti funfun ló fi ń dá a lóhùn. Èyí ni àì- fẹ́ pa rẹ́, òun ni n kò sì lè gbà.

Ẹ wọ ilé àwọn àgbà yíká ààfin Ṣọ̀ún, kí ẹ wo àwọn fọ́tò tó wà lára ògiri pálọ̀. Ọmọ tí kò bá bàbá àgbà rẹ̀ láyé yóò dúró níwájú wọn, yóò sì sọ fún yín pé bàbá yìí pupa, pé ìyá yìí ló dú. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Inú fọ́tò ló ti rí i. J. D. 'Okhai Ojeikere, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968, dúdú-òun-funfun ni, a sì ń rí ìyàtọ̀ láàárín òwú, irun àti awọ orí nínú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Lawal, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ti kọ ọ́ pé inú à-wò-rántí, ohun tí a ń wò láti fi rántí, ni ọ̀rọ̀ náà àwòrán ti jáde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí a fi rántí àwọ̀ ara ẹni tó ti lọ kò tọ́ sí orúkọ tó ní kò sí àwọ̀ níbẹ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, lo kámẹ́rà Yashica títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Kì í ṣe ẹni tó lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n ó mọ Yorùbá débi pé, bí oníbàárà bá wọlé, ó máa ń pe àwọ̀ ara rẹ̀ lórúkọ kí ó tó fọwọ́ kan kámẹ́rà: eléyìí dú, ó ń dán; eléyìí pọ́n, kò dán; eléyìí wà láàárín. Orúkọ tó bá pè ló ń sọ ibi tí yóò gbé àga sí. "Fíìmù dúdú òun funfun" ni ó ń wí, ó sì máa ń fi òun so ó pọ̀, kì í lo àti. Mo gbọ́ pé ẹnìkan láti Èkó sọ pé kí àwọn ayàwòrán fi ọ̀rọ̀ dídá sílẹ̀ fún àwọn tó kàwé lórí ẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé, ṣùgbọ́n àwọn aláró ló sọ aró lórúkọ, àwọn alágbẹ̀dẹ ló sọ ẹmú lórúkọ, wọn kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nípa "fíìmù alábọ́dé" tí a dábàá fún fíìmù 120, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní àdúgbò tiwa, alábọ́dé ni èyí tí kò dára tí kò sì burú, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sì yẹ ohun tí a ń lò nígbà tí a bá fẹ́ kí ojú ènìyàn yọ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ fíìmù 120.

Ohun tí mo dábàá ni "fíìmù dúdú-òun-funfun", kí a fi àmì ìsopọ̀ sí i bí ó bá wu ni. Ẹni tó ní ó gùn jù, kí ó ka sílébù rẹ̀ àti ti "fíìmù aláìláwọ̀", kí ó sọ fún wa bí ìyàtọ̀ náà ti tó láti torí rẹ̀ pa òtítọ́ tì. Iṣẹ́ tó kù, tí mo sì rò pé ó yẹ kí a fi agbára wa ṣe, ni orúkọ àwọn ìpele tó wà láàárín dúdú àti funfun, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ojú ènìyàn máa ń wà nínú fọ́tò, eérú nìkan kò sì tó wa pè wọ́n. Àwọn aláró mọ aṣọ tí a rì bọ aró lẹ́ẹ̀kan yàtọ̀ sí èyí tí a rì bọ̀ ọ́ léraléra; ayìnrín wà lẹ́nu wọn fún èyí tó mọ́, mo sì gbàgbọ́ pé wọ́n ní òmíràn fún àwọn tó tẹ̀lé e kí ó tó dé dúdú gan-an. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ wà nílùú Ọ̀yọ́, tí ẹ ní ìyá tàbí ìyá àgbà tó ti re aró rí, pé kí ẹ bi wọ́n ní orúkọ wọ̀nyí ní ìtẹ̀léra, láti orí èyí tó mọ́ jù, kí ẹ sì kọ wọ́n ránṣẹ́ síbí pẹ̀lú àmì ohùn.