Scabies ni dókítà kọ sí káàdì wa: ṣé làpálàpá ni àbí kúrúnà? Bàbá àwọn ọmọ ò sì fẹ́ fi oògùn náà para

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ dákun, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Táyé mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àárín ìka, ọrùn ọwọ́, àti ibi tí rọ́bà pátá ti ń fún un. Lọ́sàn-án á máa bá eré rẹ̀ lọ, àmọ́ bí a bá ti sùn, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un débi pé á jí gbogbo wa. Ara ò yún Kẹ́hìndé tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan náà rárá. Ìyá ọkọ mi ní àléfọ́ ni. Ẹni tó ni kẹ́mísì àdúgbò wa ní làpálàpá ni, ó fún wa ní ìpara kan, ó ní oògùn mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀. Ó kọ́kọ́ rọlẹ̀ lóòótọ́. Kò pẹ́ ló tún sú jáde, ó wá ràn dé ikùn. Ní báyìí, Ìdòwú tí mo ṣì ń fún lọ́mú, ọmọ oṣù márùn-ún, ti ní nǹkan wínníwínní olómi ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó ń sùn sílé wa náà sì ń họra nídìí máṣíìnì ìránṣọ.

Mo kó wọn lọ sí ọsibítù. Dókítà kàn la àárín ìka Táyé wò ni, ó kọ "scabies" sí káàdì, ó kọ benzyl benzoate, ó ní kí gbogbo ẹni tó wà nínú ilé fi para lọ́jọ́ kan náà. Èrò pọ̀ lẹ́yìn wa, mi ò ráyè béèrè nǹkan kan. Bàbá wọn ní kò sí ohun tó ń yún òun, òun ò ní gbé òórùn oògùn lọ síbi iṣẹ́.

Ṣé làpálàpá náà ni scabies? Ṣé dandan ni kí ẹni tí ara ò yún fi para? Báwo ni ti Ìdòwú?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú, Ọlọ́run á wò wọ́n. Ẹ̀ka tó ń tọ́jú awọ ara ni mo wà, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí irú èyí.

Kúrúnà ni scabies. Kì í ṣe làpálàpá, oògùn wọn ò sì jọra. Kòkòrò kékeré kan ló ń fà á, abo rẹ̀ á gbẹ́ ihò wọ inú awọ, á máa yé ẹyin síbẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹ mú ọwọ́ Táyé síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ ya ìka rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín kan tó wọ́, tó rí bí ẹni fi ẹnu abẹ́rẹ́ fa awọ, tí kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ, ọ̀nà tí kòkòrò náà gbà nìyẹn. Òun ni dókítà ń wá nígbà tó la ìka ọmọ.

Fọ́ńgọ́ọ̀sì ló ń fa làpálàpá. Òun máa ń rí roboto, etí rẹ̀ á ga, á máa ṣí pẹ́pẹ́pẹ́, àárín rẹ̀ á sì fẹ́ẹ́ mọ́. Bó bá jẹ́ orí ló wà, irun ibẹ̀ á máa já, ìpara lásán ò sì lè ká a nítorí ó ti wọ inú irun. Oògùn mímu bíi griseofulvin ló ń wò ó. Ti àléfọ́ tí màmá sọ, mi ò bá wọn jiyàn. Ohun púpọ̀ tó bá sú sí ọmọ lára làwọn ìyá wa ń pè bẹ́ẹ̀: ooru, eczema, títí kan kúrúnà yìí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi orúkọ yẹn ra oògùn. Bí ẹ bá tún dé ọ̀dọ̀ dókítà, ibi tó wà, ìgbà tó ń yún, àti ẹni tó tún ń yún nínú ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ. Àárín ìka, òru, ọmọ iṣẹ́ yín: kúrúnà ti pé síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìpara yẹn ló ń dùn mí jù. Irú àwọn tí wọ́n ń pè ní oògùn mẹ́ta yẹn, sítẹ́rọ́ọ̀dù sábà máa ń wà nínú wọn. Sítẹ́rọ́ọ̀dù á mú kí ara yé yún, kòkòrò ò ní kú, á kàn máa bí sí i ni. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ làpálàpá ni wọ́n fi í sí, etí roboto yẹn á pòórá, á máa tàn kálẹ̀, dókítà gan-an ò ní tètè dá a mọ̀. Tó bá sì pẹ́ lára ọmọdé, awọ á fẹ́lẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jù ú nù.

Ẹ bá mi ka èyí fún bàbá wọn. Kì í ṣe pé kòkòrò náà ń jẹni ló ń mú kí ara yún. Ara ló ń bá òun, ẹyin rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ jà. Ẹni tí kò ní in rí lè gbé e kiri tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí ara rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún, á sì ti máa ran ẹlòmíràn. Ìdí nìyẹn tí Kẹ́hìndé fi dákẹ́. Ohun tí a bá ṣe fún Táyé la ó ṣe fún Kẹ́hìndé, bàbá wọn náà ò sì gbọ́dọ̀ yọ ara rẹ̀ sílẹ̀, torí tí àwọn ọmọ bá san tán, òun ni yóò tún kó o ràn wọ́n. Ká ní ó fi para lálẹ́ Jímọ̀, tó wẹ̀ lálẹ́ Sátidé, ta ló máa gbóòórùn rẹ̀ níbi iṣẹ́? Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí gbogbo yín tún un ṣe.

Láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ ti fi benzyl benzoate náà para o: abíyá, ìdodo, abẹ́ ọyàn, ojú ara, abẹ́ èékánná tí ẹ ti gé. Ẹni tó bá fọ ọwọ́ rẹ̀, kí ó tún fi oògùn sí i. Á ta yín díẹ̀. Ẹ má fi kànrìnkàn ha ara àwọn ọmọ kí wọ́n tó fi para. Àwọn ìbejì ò gbọ́dọ̀ lo èyí tí àgbà ń lò bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń bomi là á fún ọmọdé. Ẹ ní kí ilé oògùn ọsibítù bá yín là á. Ẹ má fi í pa Ìdòwú lára. Ẹ béèrè ìpara permethrin 5% fún un, ọmọ tó ti lé ní oṣù méjì lè lò ó. Tirẹ̀ á dé orí, ẹ yẹra fún ojú àti ẹnu, kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ sí i lọ́wọ́ kó má baà lá a. Ẹ̀yin náà, ẹ fọ ọyàn kí ẹ tó fún un lọ́mú.

Ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì, kí ẹ lọ̀ wọ́n. Èyí tí kò ṣeé fọ̀, ẹ dì í sínú ọ̀rá fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Kòkòrò náà kì í pẹ́ kú tí kò bá sí lára èèyàn. Ọkàn yín lè balẹ̀ nípa aṣọ àwọn oníbàárà. Sísùn pọ̀ àti ìfarakanra tó pẹ́ ló sábà máa ń kó o ranni. Ọmọ iṣẹ́ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀bùn. Ẹni tó ń wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ pàápàá ń ní kúrúnà.

Ara lè ṣì máa yún fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹ má torí ẹ̀ máa fi oògùn para lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n bí egbò bá ń ṣọyún, tí ibà dé, tàbí tí ojú ọmọ wú láàárọ̀ tí ìtọ̀ rẹ̀ sì dúdú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, torí bakitéríà tó gba ojú egbò wọlé lè dá kíndìnrín láàmú.

Bàbá Elégbòogi:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Láyé àwọn bàbá wa, imí ọjọ́ tí a lọ̀ pọ̀ mọ́ àdí la fi ń pa kúrúnà. Ewé asúnwọ̀n òyìnbó sì rèé fún làpálàpá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Imí ọjọ́ náà làwọn apòògùn ń pò mọ́ fasilíìnì títí dòní, ó sì dára fún aláboyún àti ọmọ ọwọ́. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ni: imí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí a bá fojú díwọ̀n nílé lè bó ọmọ lára. Asúnwọ̀n òyìnbó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì, kò ní ṣe nǹkan kan fún kúrúnà.

Akin Ìbàdàn:

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ibì kan wà lẹ́yìn apá mi, ó funfun díẹ̀, kò yún mi rárá. Ṣé kí n lo asúnwọ̀n náà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà:

Rárá, àbúrò. Ẹ dijú, kí ẹnì kan fi òwú rọra kan ibẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n lára, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́sẹ̀ yìí kí wọ́n yẹ̀ yín wò fún ẹ̀tẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà lé yín sẹ́yìn. Láti 1995 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń pèsè oògùn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù mẹ́fà tàbí méjìlá lẹ máa fi lò ó. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n lára, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn tí kò le, síbẹ̀ ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó.

Ìyá Ìbejì Òṣogbo:

Ọlọ́run á san án fún yín, Nọ́ọ̀sì. Mo ti kà á sétí bàbá wọn, ó ní Jímọ̀ yìí. Màmá náà ní kí a bu tiwọn sọ́tọ̀. Permethrin ti Ìdòwú ló kù, ilé oògùn méjì tí mo dé ò ní in. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Òṣogbo, níbo lẹ ti rí i rà?