"Ìtọrẹ àánú" kọ́: orúkọ wo ni ká pe owó tí a fi ń rán ọmọ ọlọ́mọ níléèwé?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé lánàá ní kí á máa pe gbogbo owó tí ọlọ́rọ̀ bá ná sórí ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní "ìtọrẹ àánú", kí á sì pe èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ títí láé ní "owó àfipamọ́". Pẹ̀lú ọ̀wọ̀, n kò fara mọ́ méjèèjì.

Ẹni tó ṣàánú lónìí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè lọ́la. Bẹ́ẹ̀ náà ni sàráà: a ti ṣe é, ó ti parí. Ilé ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gba ọmọ kan ní JSS1 ti gba ẹrù ọdún 6 sórí. Bó bá dáwọ́ dúró ní ọdún kẹta, ọmọ náà kò ní lè jókòó ṣe WAEC, èyí tí ilé ìwé gíga yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò bá gbé ìtẹ̀síwájú yìí dání ń tan ẹni tó ń fúnni jẹ, ó sì ń tan ọmọ náà jẹ.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì wà lẹ́nu wa. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní Ṣàgámù, ohun tí ènìyàn ń béèrè ni pé "Ta ló ń rán an níléèwé?" Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé "Ta ló ń ṣàánú rẹ̀ níléèwé?" "Rán" ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, "ń" tó ṣáájú rẹ̀ sì fi hàn pé iṣẹ́ ọ̀hún kò tíì tán. Nítorí náà, mo dábàá "ìránmọníléèwé" fún iṣẹ́ náà, àti "aránmọníléèwé" fún ẹni tó ń ṣe é. Wọ́n gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó ń tajà lọ́jà Òkè-Àjẹ yóò lóye wọn láìsí àlàyé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní "ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́" náà. Ètò tí ìjọba Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù January 1955 ló ni orúkọ yẹn, owó ìlú ni wọ́n sì fi ṣe é. Bí a bá fún owó ẹnì kan ní orúkọ yìí, ìjọba lè bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé ọrùn òun ti bọ́. Ọ̀tọ̀ sì tún ni dídá ilé ìwé sílẹ̀, irú èyí tí Táí Ṣólàrín ṣe pẹ̀lú Mayflower ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956.

Ó ku "owó àfipamọ́". Owó tí ènìyàn lè kó jáde nígbà tó bá wù ú nìyẹn. Èyí tí à ń wá orúkọ fún jọ wáàkàfù àwọn Mùsùlùmí: a kì í tà á, a kì í jogún rẹ̀, èrè rẹ̀ nìkan là ń ná. Oníṣòwò ti ní ọ̀rọ̀ fún un. Bí ọjà bá bàjẹ́ mọ́ obìnrin kan lọ́wọ́, wọn a ní "ó ti jẹ ojú owó", ìyẹn owó tó fi bẹ̀rẹ̀ òwò. Ẹ jẹ́ ká pè é ní "ojú owó ẹ̀kọ́", nítorí ìkìlọ̀ ti wà nínú orúkọ náà.

Ká ní ojú owó jẹ́ mílíọ̀nù 10 náírà, tí èrè ọdún kan sì jẹ́ 1,200,000. Bí ọmọ kan bá ń ná 120,000, ó dà bí ẹni pé ọmọ 10 ló kárí. Àṣìṣe tó ń pa irú owó bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Nǹkan á wọ́n sí i lọ́dún tó ń bọ̀, mílíọ̀nù 10 náà kò sì ní lè gbé ọmọ 10 mọ́. Ọmọ 6 ni kí wọ́n mú, 720,000, kí 480,000 padà sínú ojú owó. Bí ọ̀wọ́n ọjà bá yára ju èrè lọ, ìyẹn pàápàá kò tó, àfi kí wọ́n máa bu owó tuntun kún un. Mo kọ "èrè", n kò kọ "èlé", nítorí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn kò ní fọwọ́ sí ìwé tí èlé bá wà nínú rẹ̀.

Olóògbé Awùjalẹ̀ Adétọ̀nà ya irú ojú owó bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ ní Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ, Àgọ́-Ìwòyè, fún ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìṣàkóso. "Chair" ni òyìnbó ń pe irú ipò ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀; bí a bá túmọ̀ ìyẹn sí "ó fún wọn ní àga", òǹkàwé yóò rò pé ohun ìjókòó ni. "Ojú owó ipò ọ̀jọ̀gbọ́n" ló tọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún "owó ilé ìwé" nínú ìwé àdéhùn. Bí ó bá dá dúró bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń sanwó lè ní kò kan owó WAEC àti NECO, kò kan ìwé, aṣọ àti owó ọkọ̀. Níbẹ̀ gan-an lọmọ ti máa ń já bọ́, ní SS3, lẹ́yìn tí wọ́n ti náwó fún ọdún 5. Ẹ dárúkọ ìnáwó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ọ́ pé tààrà sí àpò ilé ìwé lowó ń lọ, àti pé rìsíìtì gbọ́dọ̀ jáde ní táàmù kọ̀ọ̀kan.

N kò tíì rí orúkọ tó tẹ́ mi lọ́rùn fún ọmọ tí à ń rán náà. "Olùgbàtọrẹ" ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, "ọmọ ìrànwọ́" kò sì dá yàtọ̀. Ta ló ní èyí tó sàn jù?