Mo ń jẹun, síbẹ̀ n kò sanra: ọ̀nà wo ni kí n gbà?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọmọkùnrin ọdún 22 ni mí, mo ga tó mítà 1.78, ṣùgbọ́n ìwọ̀n mi kò ju kílò 53 lọ, kò sì yí padà láti ìgbà tí mo ti pé ọmọ ọdún 18. Bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì onípákó fún wákàtí kan, egungun ìdí mi á bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Okùn aago mi ti dé ihò tó kẹ́yìn, síbẹ̀ ńṣe ni aago náà ń yí kiri lọ́rùn ọwọ́ mi. Àwọn kan máa ń béèrè bóyá ara mi kò yá, àwọn mìíràn a sì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kì í dun ẹni tó bá tínrín.

Ohun tó rú mi lójú ni pé mo ń jẹun. N kì í ṣàìsàn, mo sì máa ń jẹ àjẹyó. Ọ̀rẹ́ mi kan ń rọ̀ mí pé kí n ra oògùn oníhóró kan tí òun lò, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kí n tó gbọ́ tirẹ̀, mo fẹ́ mọ̀ bóyá àìsàn ló wà lára mi tàbí bí a ṣe dá mi nìyí. Kí ni kí n máa jẹ? Ṣé eré ìdárayá kò ní jó ìwọ̀nba ẹran ara tí mo ní dànù? Báwo ni yóò sì ti pẹ́ tó kí n tó rí àyípadà?

Èsì kìn-ín-ní

Àbúrò mi, ibi tí o wà yìí ni èmi náà wà ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ yé mi. Jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Mú gíga rẹ ní mítà, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, yóò fún ọ ní nǹkan bíi 3.17, fi iye yẹn pín kílò 53, ohun tó jáde, 16.7, ni wọ́n ń pè ní BMI. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka àgbàlagbà tí iye tirẹ̀ kò bá tó 18.5 sí ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré jù. Fún ẹni tó ga bíi tìrẹ, kílò 58.6 ni 18.5 yẹn já sí. Kílò márùn-ún àtààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni ohun tí ò ń wá.

Ní ti pé o ń jẹ àjẹyó, mo gbà ọ́ gbọ́, nítorí ohun tí èmi náà máa ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n yíyó kì í ṣe òṣùwọ̀n, nítorí ikùn tí a ti fi oúnjẹ díẹ̀ mọ́ lára máa ń tètè sọ pé ó ti tó. Nígbà tó yá, mo ra ìwé kékeré kan, mo sì ń kọ gbogbo ohun tó bá gba ẹnu mi kọjá sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méje gbáko. Ojú ìwé ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló là mí lójú: «Aago méje àárọ̀, búrẹ́dì ẹ̀là méjì àti tíì. Omi. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìrẹsì àwo kan, mo jẹ ẹ́ kù. Alẹ́, ó rẹ̀ mí, mo sùn.» Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ síbi àpèjẹ, mo jẹ àwo mẹ́ta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn ni mo sì máa ń rántí nígbàkúùgbà tí mo bá ń bá ènìyàn jiyàn pé mo ń jẹun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í wá sí mi lọ́kàn rárá.

Nítorí náà, kọ ọ́ sílẹ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, fi nǹkan bíi kálórì (ohun tí a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ) 300 sí 500 kún ohun tí ò ń jẹ lójúmọ́. Má ṣe fi wọ̀bìà bẹ̀rẹ̀ o. Ẹni tó bá fi ipá rọ́ oúnjẹ sínú ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ọjọ́ kẹta kì í bá a lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé n kò sọ àwo mi di ńlá, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni mo mú kó lágbára sí i. Síbí òróró ńlá kan tí a bù sórí ẹ̀wà tàbí ìrẹsì tó ti jinná fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kálórì 120, ẹnu kì í sì í mọ̀ pé nǹkan kan kún un. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, ìyẹn bíi gíráàmù 30, ń lọ sí bíi 170, ife wàrà kan tí a kò yọ ọ̀rá rẹ̀ sì tó bíi 150. Mẹ́ta yìí nìkan ti kọjá 400. Ọ̀rá ló fà á, nítorí gíráàmù ọ̀rá kan ń mú kálórì mẹ́sàn-án wá, nígbà tí gíráàmù èròjà amúaradàgbà tàbí afáralókun kan ń mú mẹ́rin péré wá. Ohun dídùn àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò lè gbé ìwọ̀n sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n eyín ni yóò kọ́kọ́ san gbèsè rẹ̀. Má sì fi omi kún ikùn kí o tó jẹun. Jẹun tán ná.

Bí o bá ń fi ìdá kan nínú mẹ́rin kílò sí ààbọ̀ kílò kún ìwọ̀n rẹ lọ́sẹ̀, o ń rìn dáadáa, yóò sì gbà ọ́ tó bí oṣù mẹ́ta sí márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ yẹn kò jọ iṣẹ́ oúnjẹ létí mi.

Èsì kejì

Ọmọ mi, nọ́ọ̀sì ni mí, mo sì ti bí ọmọ tó jù ọ́ lọ. Ìbéèrè rẹ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí wọ́n fò ó. Pé ìwọ̀n rẹ dúró sójú kan fún ọdún mẹ́rin jẹ́ ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀; ẹni tí ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà mí ni ẹni tí ara rẹ̀ wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá ń rù láìmọ ìdí. Bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ènìyàn bá lọ láàárín oṣù mẹ́fà sí méjìlá, láìjẹ́ pé òun ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, kó má dúró sílé.

Síbẹ̀, 16.7 kéré débi tó fi yẹ kí dókítà yẹ̀ ọ́ wò kí o tó dá a sílẹ̀ pé bí a ṣe dá ọ ni. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ láti wo ẹṣẹ́ táírọ́ọ̀dì tó wà lọ́rùn, nítorí bí ó bá ń ṣiṣẹ́ ju bó ti yẹ lọ, àyà á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á máa bo ènìyàn, oúnjẹ tó ń jẹ yóò sì máa jó dànù. Wọn yóò wo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, pàápàá bí òùngbẹ bá ń gbẹ ọ́ tí o sì ń tọ̀ lemọ́lemọ́. Ikọ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí òógùn òru bá a rìn, ń fẹ́ àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ, tàbí ìgbẹ́ tó ń léfòó lórí omi tó sì ń dán bí ọ̀rá, lè fi hàn pé ìfun kò gba oúnjẹ sára. Aràn náà ń ṣe irú rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin tó ń ka èyí, bí nǹkan oṣù yín bá dáwọ́ dúró nítorí pé ẹ tínrín, ẹ má ṣe kà á sí ìsinmi, nítorí egungun yín ń sọ agbára nù ní gbogbo àsìkò yẹn. Ẹni tó bá sì mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀rù sísanra ló ń lé òun kúrò nídìí oúnjẹ, tàbí pé ìbànújẹ́ ló gba oúnjẹ lẹ́nu òun, ìtọ́jú ọkàn ló kọ́kọ́ nílò. Síbí òróró kò lè ṣe ìyẹn.

Ní ti oògùn, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má fọwọ́ kàn án. Méjì ni mo sábà máa ń bá lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀kan ni cyproheptadine, oògùn ara yíyún àti imú ṣíṣàn, tó máa ń mú kí ebi pa ẹni tó bá lò ó, tó sì máa ń kun ènìyàn lóorun; bí wọ́n bá ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, ebi náà a lọ, ara tó mú wá sì sábà máa ń bá a lọ. Èkejì ni dexamethasone, oògùn ara wíwú tó jọ èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè; òun ló burú jù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ń yọ yẹn, omi àti ọ̀rá ló lọ gbára jọ síbẹ̀, nígbà tí iṣan apá àti ti itan ń joro, tí ẹ̀jẹ̀ ń ru, tí ṣúgà ń gòkè, tí egungun sì ń di ẹlẹgẹ́. Wo ọ̀rẹ́ rẹ dáadáa: ṣé apá rẹ̀ náà yọ, àbí ojú rẹ̀ nìkan ló yọ? Bí ó bá jẹ́ pé òun ló ti lò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lójijì, nítorí àwọn ẹṣẹ́ orí kíndìnrín tó ń pèsè irú èròjà bẹ́ẹ̀ fún ara ti lè sùn lọ. Dókítà ni yóò máa bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀. Sọ fún un lónìí.

Èsì kẹta

Eré ìdárayá kò ní jó ọ dànù, àfi bí o bá sọ eré ọ̀nà jíjìn di iṣẹ́ òòjọ́ láìjẹun kún un. Ohun wíwúwo ni kí o máa gbé, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀: lóṣòó kí o sì dìde pẹ̀lú ẹrù léjìká, dọ̀bálẹ̀ kí o fi ọwọ́ ti ara rẹ sókè, rọ̀ mọ́ ọ̀pá kí o fa ara rẹ gòkè. Ìgbà tí èyí tí ò ń ṣe bá ti rọrùn ni kí o fi kún un. Ẹni tó ń jẹ àlékún tí kò lo iṣan, ọ̀rá ni yóò pọ̀ jù nínú ohun tí yóò rí. Nǹkan bíi gíráàmù 1.6 èròjà amúaradàgbà fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ ló yẹ ẹni tó ń kọ́ iṣan, ìyẹn bíi 85 fún ọ. Ẹyin kan ní bíi mẹ́fà nínú, nítorí náà ẹja, ẹ̀wà àti wàrà gbọ́dọ̀ bá a pé. Kí o sì máa sùn dáadáa.

Èsì kẹrin

Mo fẹ́ gbèjà olùbéèrè, nítorí ó ń jọ bí ẹni pé a ti dá a lẹ́bi pé kò jẹun tó. Ara kò dọ́gba. Ní ọdún 1990, Claude Bouchard àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Québec tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti fún àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ìbejì oríṣi tó jọra bí ìmumu, ìbejì 12 (ènìyàn 24), ní kálórì 1,000 lójúmọ́ lé orí ohun tí ara wọn ń fẹ́, fún ọjọ́ 84 nínú 100. Àlékún kan náà ni gbogbo wọn jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó rí kílò tó kéré jù rí 4.3, ẹni tó rí èyí tó pọ̀ jù rí 13.3, ìwọ̀n tí Táyé sì fi kún tirẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ ti Kẹ́hìndé rẹ̀. Ní 1999, James Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún ènìyàn 16 ní irú àlékún bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì rí i pé àwọn tí ọ̀rá kò pọ̀ sí i lára wọn ni àwọn tí ara wọn kò lè jókòó jẹ́ẹ́: wọ́n ń dìde, wọ́n ń mi ẹsẹ̀, wọ́n ń yí lórí àga, láìmọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ìwọ náà wo ẹsẹ̀ rẹ bí o ṣe ń ka èyí, bóyá ó ń mì.

Ohun tí mo ń sọ kì í ṣe pé kí o gba kádàrá. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá lórí 400 yẹn tí òṣùwọ̀n kò sún, má ṣe sọ pé oúnjẹ kò ràn ọ́. Ara rẹ ló ń ná an bó ṣe ń wọlé. Fi 200 mìíràn lé e.

Olùbéèrè, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo kọ oúnjẹ mi sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, ojú sì tì mí: ọjọ́ méjì wà níbẹ̀ tí mo jẹun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí n kò sì ní rántí bí kò bá jẹ́ ìwé náà. Dókítà yẹ̀ mí wò, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò fi àìsàn kankan hàn. Mo ti dé kílò 54.7. Ìyá wa nọ́ọ̀sì, mo ka ara páálí oògùn ọ̀rẹ́ mi, dexamethasone ni. Ó ti lọ rí dókítà, wọ́n sì ń bá a dín in kù.

Ìṣòro tó kù ni wàrà. Bí mo bá mu ife kan tán, ikùn mi á máa kùn, mo sì ní láti sáré lọ yàgbẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òṣùwọ̀n ń dà mí lọ́kàn rú: lánàá ó jẹ́ 55.3, lónìí ó jẹ́ 54.5.

Èsì kìn-ín-ní, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ìfun wọn kò lè da lactose, ṣúgà inú wàrà, dáadáa mọ́. Bù ú sí ìdajì ife tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀, kí o sì mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, kì í ṣe lórí òfìfo; bí ó bá ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, yógọ́ọ̀tì máa ń ṣe pẹ̀lẹ́ sí ikùn ju wàrà lọ, wàrà sóyà kò sì ní ṣúgà yẹn nínú rárá. Bí o bá mú ti sóyà, wo ara páálí rẹ̀ kí o lè rí èyí tí wọ́n fi èròjà kálísíọ̀mù kún.

Ní ti òṣùwọ̀n, omi àti oúnjẹ tó wà nínú ikùn ló ń lọ tó ń bọ̀ yẹn. Àárọ̀ ni kí o máa gùn ún, lẹ́yìn tí o bá ti tọ̀ tán, kí o tó jẹ ohunkóhun, nínú aṣọ kan náà. Kó iye ọjọ́ méje jọ, pín in sí méje, kí o sì fi ti ọ̀sẹ̀ yìí wé ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Láti 53 sí 54.7 ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, bíi 0.34 lọ́sẹ̀ nìyẹn, ohun tí a ń sọ gan-an nìyẹn. Okùn aago ńkọ́, ihò wo ló wà báyìí?