Ìbísí kọ́ ni ìpọ̀sí: èsì mi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń túmọ̀ ìwé jíọ́gíráfì fún àwọn ọmọ girama dábàá pé kí á lo "ìbísí" níbi gbogbo tí ìwé náà bá ti sọ bí ibùgbé ṣe ń mú kí ọmọ bíbí pọ̀ tàbí kó kéré. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà wà nínú àdúrà wa, ó sì wà nínú Bíbélì: ẹ máa bí sí i, kí ẹ sì máa rẹ̀. Mi ò bá ọ̀rọ̀ náà jà. Ẹrù mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n fẹ́ gbé lé e lórí: iye ọmọ tí obìnrin kan ń bí, iye ọmọ tí ìlú ń bí lọ́dún, àti bí ènìyàn ìlú ṣe ń pọ̀ sí i. Ọrùn á wọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo Japan, torí ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ náà ti hàn jù. Ìpínlẹ̀ 47 ni wọ́n ní. Tí a bá ṣírò iye ọmọ tí obìnrin kan máa bí láyé rẹ̀, Tokyo ló kéré jù ní 2023: 0.99, kò tó odidi ọmọ kan. Akita, tó wà lápá àríwá létí òkun, níbi tí òjò dídì ti ń bolẹ̀ nígbà òtútù, ju Tokyo lọ. Ṣùgbọ́n ẹ yí ìṣirò padà, kí ẹ ka iye ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn: Akita ló ń gbẹ́yìn gbogbo wọn, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gbẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ti wáṣẹ́ lọ sí Tokyo, àgbàlagbà ló kù nílé. Obìnrin tó kù lè bímọ ju ojúgbà rẹ̀ ní Tokyo lọ, àmọ́ mélòó ló kù?

Nǹkan méjì nìyẹn, wọn ò sì lè jẹ́ orúkọ kan. Mo fara mọ́ "ìwọ̀n ọmọ bíbí" fún èyí tí a ń kà nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Fún èkejì, "iye ọmọ fún obìnrin kan" ni kí á kọ, bó tilẹ̀ gùn. Ẹni tó dábàá "ìwọ̀n ọmọ-obìnrin" kí ó má bínú, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó bá kà á yóò rò pé à ń ya ọmọbìnrin sọ́tọ̀ lára ọmọkùnrin. "Ìpín ọmọ" dùn létí, ṣùgbọ́n ìpín ti bá orí àti àyànmọ́ mulẹ̀ jù lẹ́nu Yorùbá. Àwọn oníwàásù á gbà á lọ́wọ́ wa.

Ó wá ku ìbísí fúnra rẹ̀. "Bí" ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wọ mọ́tò wá láti ìlú mìíràn, a ò bí i níbí. Nítorí náà, kí ìbísí dúró fún ohun tó ṣẹ́ kù tí a bá yọ àwọn tó kú kúrò nínú àwọn tí a bí. Kí "ìpọ̀sí" kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, àtàwọn tó ṣí wá.

Nílé wa ní Nàìjíríà pàápàá, ẹ̀rí wà. Nínú NDHS ti 2018, ìyẹn ìwádìí lórí ọmọ bíbí àti ìlera káàkiri Nàìjíríà, Èkó ló kéré jù, ọmọ 3.4 fún obìnrin kan; Katsina ló pọ̀ jù, 7.3. Síbẹ̀, ta ló máa sọ pé Èkó ò kún? Kò sí ìpínlẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ kéré tó ti Èkó, omi sì tún gba lára rẹ̀, àmọ́ ojoojúmọ́ ni àwọn èèyàn ń dé láti ibòmíràn.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ nínú ìtumọ̀ ẹ̀gbọ́n: "ilẹ̀ ló ń pinnu ọmọ bíbí." Iyẹ̀pẹ̀ kì í pinnu nǹkan kan. Ní abúlé tí oko jẹ́ iṣẹ́, tí ilé ìwòsàn jìnnà, tí ìyá ò sì mọ èyí tó máa yè nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ọmọ jẹ́ ọwọ́ àti ọjọ́ ogbó. Ní Èkó, ọmọ jẹ́ owó ilé àti owó ilé ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ sì ṣeé ṣe kó ti kàwé pẹ́ kó tó lọ́kọ. "Ipa ibùgbé lórí ọmọ bíbí" ni kí á kọ, ó tó.

Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé ẹ ò ní tètè gbà. Ẹ bá mi fi ìbísí nìkan kọ èyí: ní Tokyo, àwọn tó ń kú ju àwọn tí wọ́n ń bí lọ, síbẹ̀ ènìyàn ibẹ̀ ń pọ̀ sí i. Tó bá yọrí, màá gbà fún yín.