Báwo ni mo ṣe lè gbé oríṣi ìkọlù méjì (ti orí kọ̀ǹpútà àti ti olè tó ń ba ẹ̀rọ iná jẹ́) sórí òṣùwọ̀n kan náà?

Ẹ̀yin onímọ̀ iná, mo kí yín láti Ilé-Ifẹ̀. Mo ń wá ibi tí ìkọlù ti lè ba ìpínkiri iná 11 kV (wáyà tó ń gbé iná láti ibùdó lọ sí tiransifọ́mà àdúgbò) jẹ́ jù lọ. Mo yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ ibùdó iná ló ń léwu jù nígbà gbogbo, ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀.

Àkókò ló dè mí mọ́lẹ̀: ní Ukraine lọ́dún 2015, àwọn tó gba kọ̀ǹpútà àwọn ilé-iṣẹ́ iná pa iná mọ́ nǹkan bí 225,000 oníbàárà lójú, síbẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ fọwọ́ tan án padà láàárín wákàtí díẹ̀, nígbà tí tiransifọ́mà tí olè fa òróró rẹ̀ lè sùn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Ṣé kí n fi àkókò àtúnṣe sọ iye iná tó pòórá di ìlọ́po ni, àbí òṣùwọ̀n mìíràn wà tó yẹ kí n lò?